Ọmọ ajá wa gun ẹsẹ̀ ìyá ọkọ mi níwájú àlejò

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọkọ mi ló gbé ọmọ ajá kan wálé, Bíńgò lorúkọ rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù 5 ni. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, màmá ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n wọn wá kí wa. Wọn ò tíì jókòó tán tí Bíńgò fi fò mọ́ Màmá, ó di ẹsẹ̀ wọn mú, ó ń gùn ún bí ìgbà tí akọ rí abo. Mo pariwo, mo nà án, ńṣe ló tún padà. Màmá ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń gbọn ìró wọn. Ọkọ mi ti ní ká gbé e fún ẹlòmíì. Kí ni kí n ṣe?
Ojú Ń Tì Mí, Ìbàdàn

Ọmọ mi, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná, má bínú. Mo mọ̀ pé níwájú ìyá ọkọ, kò sí ìtìjú tó kéré.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀yin àgbà rò pé Bíńgò ń ṣe yẹn kọ́ ló ń ṣe. Inú rẹ̀ ló dùn jù, kò mọ ibi tí yóò gbé ayọ̀ náà sí. Láti kékeré ni àwọn ọmọ ajá ti máa ń gun ara wọn nínú eré, takọ tabo. Òmíì á tọ̀ sílẹ̀ bí ó bá rí àlejò, òmíì á máa fa etí aṣọ. Ẹsẹ̀ ni tiyín mú.

Ibi tí mo ti máa bá ọ wí ni ariwo àti ẹgba. Àlejò ń sá, ìwọ ń ké, gbogbo ilé dìde: eré wo ló tún dùn jùyẹn lọ lójú ajá? Ẹgba ní tirẹ̀ á kọ́ ọ pé bí àlejò bá ti dé, ìyà dé nìyẹn. Ajá tó bá sì ń bẹ̀rù àlejò lè bu èèyàn jẹ lọ́la.

Kí wọ́n tó kanlẹ̀kùn ni iṣẹ́ rẹ wà. Bí àlejò bá ń bọ̀ ní aago 4, mú un jáde ní aago 2, kó rìn, kó gbóòórùn koríko, kó tọ̀, kó wá sùn. Ọmọ ajá lè sun wákàtí 18 sí 20 lójúmọ́. Èyí tí kò bá sùn tó a máa ya wèrè bí ọmọdé tó kọ oorun ọ̀sán. Kí okùn ti wà lọ́rùn rẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Bẹ àlejò kó má wò ó, kó má kí i, àfi bí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà nílẹ̀.

Nígbà tí ilé bá dákẹ́, kọ́ ọ ní "Jókòó". Mú ẹran bíbọ̀ wẹ́wẹ́ tí kò níyọ̀ tí kò láta, gbé e sókè imú rẹ̀ díẹ̀. Bó ṣe ń gbójú sókè ni ìdí rẹ̀ á kanlẹ̀. Fún un lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú 5 lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ ti tó. Ajá tó jókòó ò lè gun ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bó bá tún gbìyànjú rẹ̀, má sọ̀rọ̀ rárá. Fi okùn mú un lọ sí yàrá kejì títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Ẹni tó bá sì ń fi í rẹ́rìn-ín nínú ilé, kó jọ̀ọ́ kó dẹ́kun.

Wọ́n á sọ fún ọ pé kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Bi dókítà ẹranko, ṣùgbọ́n má rò pé ìyẹn nìkan ló máa yanjú ẹ̀. Èyí tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá náà ṣì lè máa gùn bí inú rẹ̀ bá dùn jù. Bó bá ń lá abẹ́ rẹ̀ ṣáá, tàbí tó ń tọ̀ ní kéékèèké, ìyẹn kì í ṣe eré, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Bí kò bá sì tíì gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kó gbà á níbẹ̀.

Ní ti Màmá, pè wọ́n lónìí, kí o tọrọ àforíjì, kí o ní ẹ ti ń kọ́ ọ. Bí wọ́n bá tún ń bọ̀, fi ẹran náà sí wọn lọ́wọ́, kí àwọn fúnra wọn sọ pé "Jókòó". Ọkọ rẹ ni kó di okùn mú lọ́jọ́ náà. Ṣebí òun ló gbé ajá wálé.