Ẹ Bi Wá: Ṣé Ìsìn Ló Bí Ọrọ̀ Àwọn Òyìnbó?

Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ìbéèrè oṣù yìí dá lé, ìyẹn ohun tí Max Weber, onímọ̀ ará Jámánì, kọ ní 1904 àti 1905: pé ẹ̀kọ́ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, àwọn onígbàgbọ́ tó yapa kúrò nínú ìjọ Àgùdà, wà lára ohun tó bí ẹ̀mí kapitalísíìmù, ètò tí owó fi ń bí owó.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kétu: *Olùkọ́ wa ní Weber sọ pé àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ló dá kapitalísíìmù sílẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?*

Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọra owó ti wà tipẹ́. Weber fúnra rẹ̀ ní ó wà lára ọmọ ogun, ó wà lára òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba rìbá, ó wà lára alágbe. Irú ènìyàn kan ló ń wá ìdí rẹ̀: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kára, tó ń jèrè, tí kò sì jẹ èrè náà. Ẹni tó ti ní ànító, kí ló dé tí kò jókòó kó gbádùn?

Ọ̀dọ̀ Luther ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó dìde sí póòpù ní 1517. Nígbà tó ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Jámánì, ó pe iṣẹ́ òòjọ́ ní *Beruf*, ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ "ìpè" wà nínú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àlùfáà àti àwọn tó wà nílé ìsìn ni wọ́n ń sọ pé Ọlọ́run pè. Ní báyìí, a ti pe aránbàtà náà sídìí bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn pásítọ̀ tó tẹ̀ lé Calvin, olórí Pùròtẹ́sítáǹtì mìíràn, wá ń kọ́ni pé fífi àkókò ṣòfò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, afẹ́ náà sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ń jèrè tí kò sì gbọdọ̀ fi ṣe fàájì, ibo ni yóò kó owó náà sí? Inú òwò ló ń padà sí.

Àpẹẹrẹ tí Weber fẹ́ràn jù ni ìmọ̀ràn tí Benjamin Franklin, ará Amẹ́ríkà, kọ fún ọ̀dọ́ oníṣòwò ní 1748. Ẹni tó lè gba ṣílè mẹ́wàá lóòjọ́, tó wá fi ààbọ̀ ọjọ́ jókòó lásán, bó bá tilẹ̀ jẹ́ sísì kan péré ló ná nídìí fàájì, kó má rò pé sísì nìkan ló lọ. Ṣílè márùn-ún ló tún jù nù. Franklin kì í ṣe onísìn líle rárá, àmọ́ ọmọ ẹlẹ́kọ̀ọ́ Calvin ni.

Bàbá kan, Ṣábẹ: *Wọ́n ní Calvin kọ́ni pé Ọlọ́run ti yan ẹni tí yóò là. Ṣé kì í ṣe àyànmọ́ tiwa náà nìyẹn? Àyànmọ́ ò sì gbóògùn. Kí ni wọ́n tún ń ṣiṣẹ́ fún?*

Bàbá, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn méjèèjì jọ ara wọn lókèèrè ni. Orí tiwa, ẹni tó ni ín ló kúnlẹ̀ yàn án, ọ̀rọ̀ ayé ló sì jẹ mọ́: owó, ọmọ, àìkú. Bó bá ṣe ségesège, a ó lọ sọ́dọ̀ babaláwo, a ó bọ orí, a ó rúbọ. Òwe tí ẹ pa yẹn kò ní kí ẹnikẹ́ni má bọ orí rẹ̀. Ti Calvin yàtọ̀. Ẹ̀yìn ikú nìkan ló ń sọ, Ọlọ́run nìkan ló yàn, kò sì sí ètùtù kankan. Àlùfáà kò lè tún un ṣe, ìtọrẹ àánú kò lè tún un ṣe.

Ẹ wo ẹni tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà. Bó bá ṣẹ̀, á lọ jẹ́wọ́ fún fadá, gbèsè á kúrò lọ́rùn rẹ̀, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọlẹ́yìn Calvin kò nílẹ̀kùn yẹn. Òun nìkan ló jókòó ti ìbéèrè kan: ṣé mo wà lára àwọn àyànfẹ́?

Bí a bá fi ọgbọ́n orí wò ó, ńṣe ló yẹ kó káwọ́ lẹ́rán, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti wí. Weber ní òdì kejì ló ṣẹlẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè máa bá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sùn. Ìmọ̀ràn méjì làwọn pásítọ̀ ń fún wọn. Èkíní: ẹ gbà pé a ti yàn yín, iyèméjì, èṣù ló ni ín. Èkejì: ẹ ṣiṣẹ́ láìsinmi nínú ìpè yín, iyèméjì yóò sá. Iṣẹ́ náà kì í ra ọ̀run o. Àmì lásán ni. Àmọ́ àmì tí ènìyàn ń wá lójoojúmọ́ kò gba ìsinmi, kò gba pé "lánàá mo ṣe dáadáa, lónìí mo lè ṣeré". Gbogbo ayé rẹ̀ pátá ló ní láti wà létòlétò. Ní tiwa, ibi tí àlàyé Weber ti lágbára jù nìyí, bí ẹ̀rí rẹ̀ kò tilẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀ níbòmíràn.

Aláṣọ kan, ọjà Ouando, Àjàṣẹ́: *Mẹ́tọ́díìsì ni mí. N kì í mutí, n kì í ṣe àríyá, síbẹ̀ òwò mi kò dàgbà. Kí ló ń ṣe é?*

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ìdajì tí ìsìn ń bèèrè lẹ ti ṣe, ìdajì kejì wà nínú ìwé. Nínú ohun tí Weber kà sí kapitalísíìmù ti òde òní, méjì kan yín gbọ̀ngbọ̀n: kí àpò ilé yàtọ̀ sí àpò òwò, kí ìṣirò sì wà lákọsílẹ̀.

Ká ní ojú owó yín jẹ́ 300,000 sẹ́fà, ẹ fi gbogbo rẹ̀ ra aṣọ, aṣọ náà sì tà tán ní 390,000. Owó ọkọ̀ àti owó ìsọ̀ jẹ́ 15,000. Èrè yín 75,000. Àmọ́ àwìn tó wà níta nínú rẹ̀ jẹ́ 45,000. Owó tó wà lọ́wọ́ yín gan-an jẹ́ 330,000, kìkì 30,000 ló sì fi lé ojú owó. Bí ẹ bá kó 75,000 lọ sílé torí pé èrè ni, 255,000 ló kù tí ẹ ó fi padà lọ ra ọjà. Ẹ kò ṣe àríyá kankan, ẹ sì ti jẹ ojú owó.

Ẹ fa ìlà mẹ́rin sínú ìwé: ọjọ́, owó tó wọlé, owó tó jáde, àwìn pẹ̀lú orúkọ ẹni tó jẹ ẹ́ àti ọjọ́ tó dá. Ẹ san owó oṣù fún ara yín, iye kan pàtó, kí ẹ má sì mú jù bẹ́ẹ̀. Ní òpin oṣù, ẹ ka aṣọ tó kù ní iye tí ẹ rà á, kì í ṣe iye tí ẹ fẹ́ tà á. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń rí èrè tí kò tíì sí. Bí owó àjọ bá sì kàn yín, tó jẹ́ aṣọ ẹbí ló gbé e lọ, ẹ má kọ ọ́ sábẹ́ owó ìpamọ́.

Òǹkàwé kan, Àjàṣẹ́: *Ìjọ kan ládùúgbò wa ń kọ́ni pé ẹni tó bá gbin irúgbìn owó yóò kórè ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ṣé ohun tí Weber ń wí nìyẹn? Àwa Sẹ̀lẹ́ ńkọ́?*

Rárá o. Àwọn tí Weber ń sọ kò fi owó tọrọ owó lọ́wọ́ Ọlọ́run, a kò sì ṣèlérí ọrọ̀ fún wọn. Lójú wọn, idán ni irú irúgbìn bẹ́ẹ̀. John Wesley, ẹni tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, ní kí ènìyàn jèrè gbogbo èyí tó bá lè jẹ, kó pa gbogbo èyí tó bá lè pa mọ́, kó sì fi gbogbo èyí tó bá lè fi tọrẹ tọrẹ. Ẹ̀rù ọrọ̀ yẹn pàápàá ń bà á: ó rí i pé níbi tí owó bá ti ń pọ̀, ìsìn ń joro.

Ní ti Sẹ̀lẹ́, káfíńtà ni Oshoffa, inú Mẹ́tọ́díìsì ló sì ti jáde kó tó dá ìjọ náà sílẹ̀ níbí, ní Àjàṣẹ́, ní 29 oṣù kẹsàn-án 1947. Àmọ́ ìran, àdúrà àti ìwòsàn ni òpó ìjọ náà. Ìwọ̀n Calvin kò bá a mu.

Oníṣòwò kan, Àjàṣẹ́: *Ìmàle ni mí. Àwọn Ìmàle àti Àgùdà ti ń ṣòwò nílùú yìí tipẹ́tipẹ́. Ṣé àwa ò wà nínú ìwé náà?*

Òótọ́ lẹ sọ, àwọn alátakò Weber náà sì ti sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni ìdílé Medici tó dá báńkì sílẹ̀ ní Florence ní 1397. Pacioli, tó tẹ àlàyé ìṣirò olójú méjì (kíkọ owó kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ibi tó ti wá àti ibi tó lọ) jáde ní Venice ní 1494, ẹlẹ́sìn ẹgbẹ́ Francis mímọ́ nínú ìjọ Àgùdà ni, ọdún mẹ́tàlélógún ṣáájú ìdìde Luther. Davide Cantoni, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, wo ìlú 272 ní ilẹ̀ Jámánì láti 1300 sí 1900, kò rí i pé ti Pùròtẹ́sítáǹtì dàgbà ju ti Àgùdà lọ. Ní 2009, Becker àti Woessmann, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé náà, lo àkọsílẹ̀ Prussia, ìjọba kan ní ilẹ̀ Jámánì, ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún: àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì rí jájẹ jù lóòótọ́, àmọ́ ìwé kíkà ló fà á, torí Luther fẹ́ kí kálukú lè ka Bíbélì fúnra rẹ̀. Àlàyé yìí ló tẹ́ wa lọ́rùn jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ ti Kétu yẹn, lẹ́ẹ̀kejì: *Àwọn òyìnbó tí kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ńkọ́? Kí ló ṣì ń lé wọn kiri?*

Baxter, pásítọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí àníyàn ohun ayé wà léjìká onígbàgbọ́ bí aṣọ ìlékè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lè bọ́ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbàkúùgbà. Weber fèsì pé aṣọ náà ti di àkámọ́ irin. Àwọn ará ìgbà yẹn fẹ́ ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni; àwọn ti ìsinsìnyí kò lè ṣe kí wọ́n má ṣe é.