Corolla fún Kubwa sí Central Area: èyí tí ẹ lè yẹ̀ wò láti òkè òkun, àti èyí tí ẹni tó wà ní Àbújá gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà òtútù. Ẹ ní àbúrò yín tó ń gbé Kubwa, tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Central Area lójoojúmọ́, rí Corolla 2010 kan tí wọ́n ń tà, pé oníṣòwò náà fi fọ́tò 8 ránṣẹ́, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ fowó ránṣẹ́. Ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ọ̀dà àti ìjókòó nìkan ni fọ́tò máa ń fi hàn, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń pa mọ́tò kékeré ní Àbújá kì í ṣe ọ̀dà. Ooru ni. Rédíétọ̀, fáànù, jíà àti AC lẹ fẹ́ fi owó yín rà. Ara mọ́tò kàn jẹ́ àpò tí wọ́n kó wọn sí ni.

Ní ti irú mọ́tò, àbúrò yín kò ṣìnà. Corolla 2009 sí 2013 tó ní ẹ́ńjìnnì 1.8, èyí tí wọ́n ń pè ní 2ZR-FE, ló rọrùn jù láti tọ́jú nínú àwọn tí owó wọn mọ níwọ̀n. Ṣéènì ló wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì onírọ́bà tí èèyàn ń pààrọ̀ kó má baà já lójijì. Jíà rẹ̀ jẹ́ ọ́tò oníjíà 4. Ti àtijọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ máa ṣòro kí ẹ tó rí mẹkáníìkì ní Apo tí kò tíì tú u rí, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà ní ọjà Zuba, tuntun àti tòkunbọ̀. Ẹ ṣáà ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ XRS sí lẹ́yìn: ẹ́ńjìnnì 2.4 ló wà nínú tiẹ̀, irú èyí tó lókìkí pé ó ń jẹ ọ́ìlì.

Epo ńkọ́? Kubwa sí Central Area tó nǹkan bíi kìlómítà 25. Àlọ àtàbọ̀ di 50, ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù di 1,100. Mọ́tò yìí ń mu bíi lítà 9 sí 10 fún kìlómítà 100 nínú ìlú, nítorí náà ẹ ṣírò lítà 100 sí 110 lóṣù, láìka súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Berger àti ìrìn òpin ọ̀sẹ̀ mọ́ ọn. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ìṣirò yìí ló yẹ kí àbúrò yín ṣe kó tó ka iye tí wọ́n ń ta mọ́tò sí.

Àwọn tí wọ́n tún lè fi lọ̀ yín: Honda Civic 2006 sí 2009 dára láti wà, ṣùgbọ́n irin ẹ́ńjìnnì 1.8 rẹ̀ máa ń sán nínú àwọn kan lára wọn, tí coolant (omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù) á máa jò jáde. Bí ẹ bá rí àpá àlẹ̀mọ́ lára ẹ́ńjìnnì náà, ẹ má dúró nídìí rẹ̀. Corolla 2005 sí 2008 lówó díẹ̀, àmọ́ brain box (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) rẹ̀ wà lára èyí tí Toyota pè padà ní Amẹ́ríkà ní 2010 nítorí pé ẹ́ńjìnnì lè kú lójú títì. Nissan Sentra 2013 síwájú ní jíà CVT (ọ́tò tí kò ní ìpele jíà), èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni dá a lábàá fún ooru ibí. Yaris tó ní ẹ́ńjìnnì 1.5 ń ṣọ́ epo jẹ, bí àbúrò yín bá ń dá nìkan wọlé-jáde.

Ó kan èyí tí ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe láti ibi tí ẹ wà, òun ló sì rọrùn jù fún yín ju ẹni tó wà ní Nàìjíríà lọ. Ẹ gba nọ́ńbà ṣásí (VIN) mọ́tò náà. Ó gbọ́dọ̀ pé 17, kò sì gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà I, O tàbí Q nínú. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún mọ́tò: 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, D ni 2013. Àwọn tó ń pe 2009 ní 2011 pọ̀, lẹ́tà yẹn ló máa tú wọn fó. Corolla ti Amẹ́ríkà ní àsìkò yẹn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2T1, 1NX, JTD tàbí 5YF. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà sínú Google bó ṣe wà, nítorí pé ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n rà ní gbàǹjo Copart tàbí IAAI ṣì ní fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà míì iwájú á ti rún wómúwómú nínú fọ́tò yẹn, kí oníṣòwò tó máa pè é ní “first body” (ọ̀dà àkọ́kọ́). Ojú òpó NICB VINCheck ti Amẹ́ríkà kì í gba owó, ó sì máa sọ bóyá wọ́n jí mọ́tò náà tàbí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí èyí tó bàjẹ́. Ẹ san owó Carfax (ìwé ìtàn mọ́tò) pẹ̀lú, kí ẹ lè fi máìlì inú rẹ̀ wé ti dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ẹ tún wo ojú òpó NHTSA (àjọ ààbò ọkọ̀ ti Amẹ́ríkà) fún ìpadàpè tí wọn kò tíì ṣe. Wọ́n pe ọ̀pọ̀ Corolla títí dé 2013 padà nítorí èébàgì Takata. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń ba ohun abúgbàù inú rẹ̀ jẹ́, débi pé irin lè fọ́n síni lára nígbà tó bá bẹ́. Fún ẹni tó máa páàkì sínú oòrùn láti aago 8 òwúrọ̀ dé 4 ìrọ̀lẹ́, ẹ má fojú kékeré wò ó.

Ní Àbújá wàyí. Mẹkáníìkì tí ẹ máa rán lọ, kó má jẹ́ èyí tí oníṣòwò tàbí ajẹntì mú wá. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ ṣáájú pé iye kan náà lẹ máa san fún un, bó sọ pé kí ẹ rà á tàbí pé kí ẹ má rà á. Ẹni tí owó rẹ̀ dúró lórí “ẹ rà á” kò ní rí àlébù kankan. Kí wọ́n lọ láàárọ̀ kùtù, kí oníṣòwò tó tan mọ́tò náà. Kí ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan bónẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, ẹnì kan ti lọ tan án kalẹ̀ kó lè fi ariwo tàbí èéfín àárọ̀ pamọ́ nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fọ̀ mọ́ tónítóní bí abọ́ ọbẹ̀ náà ń sọ nǹkan: wọ́n fẹ́ kí ẹ má rí ibi tó ti ń jò.

Kó ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Omi inú rẹ̀ yẹ kó pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí kó láwọ̀ coolant míì. Bó bá jẹ́ omi kànga lásán tàbí omi tó dà bí àgbo, ìpẹta ti wọnú. Níbi pọ́ǹpù omi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì, ìjò 2ZR-FE máa ń fi èérún pupa gbígbẹ sílẹ̀. Pọ́ǹpù kì í ṣe ìdí láti sá o, ẹ fi gé owó ni.

Ibi tí wọ́n ti ń tan èèyàn jù rèé. Bí mọ́tò bá ń gbóná jù, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ojú títì á yọ thermostat (fáàfù tó ń ṣí ọ̀nà fún coolant nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná) sọnù, wọ́n á ní “kò yẹ fún ooru wa.” Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Rédíétọ̀ tó dí ṣì dí síbẹ̀. Brain box á wá máa rò pé ẹ́ńjìnnì kò tíì yá, á máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ, lítà 10 yẹn á di 12 tàbí 13. Réwáyà náà á so fáànù tààrà kó lè máa yí láti ìgbà tí wọ́n bá ti tan kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ ṣe máa mọ̀: kí mẹkáníìkì ki scanner kékeré oníBluetooth bọ abẹ́ ìdarí, kó ṣí i lórí fóònù, kó wo ìwọ̀n ooru coolant lójú ọ̀nà Kubwa expressway. Bó bá dúró láàárín 82 sí 98 lórí ìwọ̀n Celsius, ó dáa. Bó bá ń já sí 65 tàbí 70 nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ ẹ, wọ́n ti yọ thermostat nìyẹn. Kóòdù P0128, èyí tó ń sọ pé ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó, náà lè jáde. Bó bá ń gun 105 nínú gosiló, ẹ padà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ní kó ya àwòrán ojú scanner náà ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, kì í ṣe kó kàn sọ pé “ó dáa, ọ̀gá.”

Ẹ jẹ́ kó wo “readiness”, àwọn àyẹ̀wò tí mọ́tò ń ṣe fúnra rẹ̀, lórí scanner kan náà. Bí kò bá sí kóòdù kankan, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú àyẹ̀wò náà ń sọ pé àwọn kò tíì ṣe tán, wọ́n ti pa kóòdù rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn, tàbí wọ́n yọ orí bátìrì. Kóòdù P0420 ńkọ́? Ẹ ní kó wo abẹ́ mọ́tò bóyá katalísítì (ẹ̀yà tó ń fọ èéfín mọ́) ṣì wà níbẹ̀, àwọn kan ti yọ ọ́ tà.

Jíà ò ṣeé dájọ́ rẹ̀ nígbà tó tutù. Kí wọ́n wà á fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán, kí wọ́n gbé e gun òkè Mpape pẹ̀lú AC ní títàn. Láti P sí R, láti R sí D, kó wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì láìgbá èèyàn nídìí. Bí ẹ́ńjìnnì bá kígbe sókè láàárín jíà 2 sí 3 kó tó mú, àwọn clutch inú jíà náà ti ń jẹ. Ìró kò-kò-kò lórí àwọn bọ́ǹpù Gwarinpa kò tó nǹkan: linkage àti bush ni, owó rẹ̀ kì í pọ̀.

AC: kí wọ́n páàkì sínú oòrùn ọ̀sán, kí ẹ́ńjìnnì dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú 15. Afẹ́fẹ́ tó bá tutù lójú ọ̀nà ṣùgbọ́n tó di lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí mọ́tò dúró, fáànù tàbí kọ̀ǹdẹ́ńsà ni, “kẹ́ ẹ fi gáàsì kún un” kò ní wò ó sàn.

Èébàgì: iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ tàn nígbà tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, kó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Èyí tí kò tàn rárá burú ju èyí tí kò kú lọ. Kí wọ́n fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá kí wọ́n wo ìpẹ̀kun rẹ̀ fún àpá ẹrẹ̀, kí wọ́n gbé kápẹ́ẹ̀tì àti táyà ìpààrọ̀ nínú búùtù. Àmì pé omi ti bo mọ́tò rí nìyẹn. Omi kò mọ ti Amẹ́ríkà nìkan; àgbàrá òjò máa ń bo mọ́tò ní apá Lugbe náà. Lára táyà, nọ́ńbà 4 ìkẹyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ DOT ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún: 2419 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 24 ti 2019. Táyà tó ti gbó lè bẹ́ nínú ooru oṣù Kẹta lójú ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná, ẹ kà á sí èyí tí ẹ máa rà tuntun.

Ìwé. Nọ́ńbà ṣásí abẹ́ gíláàsì iwájú, ti ẹnu ọ̀nà dírẹ́bà, àti ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bára mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Kí ẹ mú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù náà lọ yẹ̀ wò lọ́dọ̀ àwọn fúnra wọn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, torí ayédèrú pọ̀, mọ́tò ni wọ́n máa gbà lójú ọ̀nà, kì í ṣe oníṣòwò. Láti January 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, nítorí náà “Cotonou ló gbà wọlé lọ́dún tó kọjá” kì í ṣe àlàyé. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti ń lò ní Nàìjíríà, kí orúkọ tó wà lórí proof of ownership jẹ́ ti ẹni tó ń tà á, kí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì bá ìwé mu. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n mú rìsíìtì rẹ̀ wá. Pààrọ̀ orúkọ ń wáyé lọ́dọ̀ DRTS, àwọn tí gbogbo Àbújá ń pè ní VIO. Íńṣọ́ọ̀ránsì third party fún mọ́tò àdáni ti di ₦15,000 láti January 2023. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí NIID (àkójọ íńṣọ́ọ̀ránsì mọ́tò ní Nàìjíríà) lẹ́yìn tí ẹ bá san án, nítorí tí ẹ̀bá ọ̀nà kì í sí níbẹ̀.

Owó náà, báǹkì ni kí ẹ gbà, sínú àkáǹtì tí orúkọ rẹ̀ bá ti ìwé mọ́tò tàbí ti ilé iṣẹ́ tó kọ rìsíìtì mu. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kan ń ta Corolla gbàǹjo fún òun ní ìdá kan nínú mẹ́rin iye ọjà, olè ni. Orí ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì ni kọ́sítọ́ọ̀mù ti ń ṣe gbàǹjo tirẹ̀.

Ẹ fi owó sẹ́yìn fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ́ìlì 5W-30, lítà 4.2 pẹ̀lú fílítà tuntun. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da 20W-50 sí i, ó nípọn jù fún VVT-i inú rẹ̀, ẹ̀yà tó ń fi ọ́ìlì darí fáàfù. Thermostat tuntun, fífọ rédíétọ̀, coolant ìdajì àti omi mímọ́ ìdajì. Ọ́ìlì jíà Toyota WS: kí wọ́n wọn iye tó dà jáde, kí wọ́n da iye yẹn padà. Fílítà afẹ́fẹ́ méjèèjì, ti ẹ́ńjìnnì àti ti AC tó wà lẹ́yìn àpótí dáṣíbọ́ọ̀dù. Eruku ọyẹ́ á ti dí wọn pa.

Nọ́ńbà ṣásí náà, bí ẹ bá gbà á, ẹ má kọ gbogbo rẹ̀ síta níbí, àwọn kan ń fi irú rẹ̀ ṣe ìwé ayédèrú. Lẹ́tà ipò kẹwàá àti mẹ́ta àkọ́kọ́ tó. Bí oníṣòwò bá ní òun ò lè fi ránṣẹ́ àfi tí ẹ bá san “owó ìdúró” díẹ̀, ẹ bọ́ sórí mọ́tò míì.