Èsì: msvcp140.dll kò ṣiṣẹ́ lórí Wine

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní sọ́fítíwià ìṣirò owó ṣọ́ọ̀bù yín ní Ṣágámù kì í ṣí lórí Linux, pé Wine (ètò tó ń jẹ́ kí sọ́fítíwià Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux) ń ráhùn nípa msvcp140.dll, fáìlì Microsoft kan tí sọ́fítíwià náà nílò. Ẹ wa fáìlì náà jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jù ú sínú fódà tó ń jẹ́ system32, pàbó ló já sí.

Inú system32 yẹn ni mo fura sí. Bí sọ́fítíwià yín bá jẹ́ 32-bit, tí Wine yín sì jẹ́ 64-bit (irú méjì tí wọ́n ń kọ sọ́fítíwià sí nìyẹn), inú fódà syswow64 ni fáìlì 32-bit ń gbé. Ti 64-bit ló wà nínú system32. Ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ báyẹn kò ṣàánú ẹnikẹ́ni!

Ẹ tiẹ̀ pa èyí tí ẹ wà jáde rẹ́, a kò mọ ọwọ́ tó ti kàn án. Ẹ tẹ "winetricks vcrun2015" sínú terminal (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Linux); winetricks, irinṣẹ́ tó ń bá Wine gbé irú fáìlì báyìí wọlé, ti Microsoft gan-an ni yóò gbé wá. Kí ẹ wá ṣí winecfg, ibi tí a ti ń ṣètò Wine, ní Libraries, kí ẹ wò bóyá msvcp140 wà ní "native, builtin": ti Microsoft ni kó kọ́kọ́ lò, bí kò bá sí, kó lo ti Wine.

Ẹ má fọwọ́ kan kernel32 àti ntdll níbẹ̀ o, fáìlì ìpìlẹ̀ Wine ni wọ́n. Èmi dán an wò rí n'Íjẹ̀bú-Òde, àfi ìgbà tí mo pa gbogbo .wine, fódà tí Wine ń kó nǹkan rẹ̀ sí, rẹ́ kí n tó bọ́.