Láísẹ́ńsì rẹ, ìbọn ló wà fún, kì í ṣe sáílẹ́ńsà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Òmù-Àrán ni mo wà. Mo ní ìbọn .22 tó ní láísẹ́ńsì. Bí mo bá ti yìn ín lẹ́ẹ̀kan báyìí, gbogbo ọ̀yà inú igbó á ti fọ́n ká, etí mi á sì máa hó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bùrọ̀dá mi tó wà ní Texas ní sáílẹ́ńsà, kinní tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu ìbọn láti dín ariwo rẹ̀ kù, lórí tirẹ̀, ó ní òun lè fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi nínú ẹrù. Oníléètì kan, tó ń fi ẹ̀rọ gé irin ní Ìlọrin, ní òun á bá mi gé tírẹ́ẹ̀dì, ojú ìdè bíi ti bóòtì, sí ẹnu ìbọn náà, ₦40,000. Ṣé kò sí wàhálà, nígbà tí ìwé mi ti pé?

Ìdáhùn: Wàhálà ńlá wà níbẹ̀, àbúrò. Sọ fún bùrọ̀dá rẹ kó má fi nǹkan kan ránṣẹ́, má sì gbé ìbọn lọ bá oníléètì yẹn. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ó sì jọ pé fíìmù ló ń tàn yín jẹ.

Ìwé rẹ kò pé fún ohun tí o fẹ́ ṣe. Òfin ìbọn Nàìjíríà, Firearms Act ti 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan wà tí ará ìlú kò gbọ́dọ̀ ní láìsí àṣẹ Ààrẹ, bí ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́. Àwọn kan wà tí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ń fún èèyàn ní láísẹ́ńsì rẹ̀, ibẹ̀ sì ni .22 tìrẹ bọ́ sí. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí à ń ki ẹ̀tù láti ẹnu. Òfin náà ka ẹ̀yà ara ìbọn kún ìbọn, kò sì gba kí a rọ ìbọn, kí a tò ó, tàbí kí a tún un ṣe níbi tí kò ní àṣẹ. Ẹni tó ń gé ṣáfútì ẹ̀rọ ìlọta kò ní àṣẹ yẹn, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dá tó. Ẹni tí wọ́n bá sì ká ìbọn tó lòdì sófin mọ́ lọ́wọ́, òfin mìíràn, ti ìdigunjalè àti ìbọn, ní kó gba ìtanràn ₦20,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì. Má wo ìtanràn yẹn, ọdún 10 ni kí o wò. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ohunkóhun tí o bá fẹ́ ṣe sí ìbọn yẹn, béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń rí sí láísẹ́ńsì ní olú ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìlọrin, kí o sì gba ìdáhùn wọn lórí ìwé.

Bùrọ̀dá rẹ kò ṣẹ̀ sófin ibi tó wà. Láti 1934 ni Amẹ́ríkà ti ní kí sáílẹ́ńsà kọ̀ọ̀kan ní ìforúkọsílẹ̀: fọ́ọ̀mù, fọ́tò, ìka títẹ̀, kí èèyàn sì dúró de àṣẹ ìjọba àpapọ̀. Owó orí $200 tó wà lórí rẹ̀ di òdo ní January 2026, ṣùgbọ́n owó nìkan ló lọ, ìforúkọsílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Sáílẹ́ńsà kò sì gbọ́dọ̀ kúrò ní Amẹ́ríkà láìní ìwé àṣẹ ìkóde. Bó bá tì í sáàárín aṣọ àti bàtà nínú dúrọ́ọ̀mù, òfin orílẹ̀-èdè méjì ló rú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tó ń dùn mí gan-an nìyí: ta ló sọ fún yín pé sáílẹ́ńsà ń pa ìbọn lẹ́nu mọ́? Ẹ wo sáílẹ́ńsà ọ̀kadà. Ṣé ẹ kì í gbọ́ ọ̀kadà bó bá ń bọ̀ ni? Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Hiram Percy Maxim ló gba ìwé ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ fún sáílẹ́ńsà ìbọn ní 1909, ọmọ bíbí ẹni tó ṣe ìbọn arọ̀jò-ọta Maxim tí Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gbé wá ja Ìlọrin ní 1897. Bàbá ṣe aláriwo, ọmọ ń wá bí yóò ṣe rẹ ariwo sílẹ̀.

Ìró mẹ́ta ló wà nínú ìbọn. Èkíní ni ti afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń bẹ́ jáde tẹ̀lé ọta. Òun nìkan ni sáílẹ́ńsà ń bá jà: àwọn yàrá kéékèèké inú rẹ̀ ń dá afẹ́fẹ́ náà dúró, ó ń tutù níbẹ̀ kó tó jáde. Èkejì ni ti ọta fúnra rẹ̀. Bó bá yára ju ìró lọ, á máa sán bí ẹgba ní gbogbo ọ̀nà tó bá gbà, kò sì sí ohun tí o dè mọ́ ẹnu ìbọn tó lè dá ìyẹn dúró. Ìró ń sáré tó bíi mítà 350 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú oòrùn wa. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ó ń sún mọ́ 340. Kátíríìjì .22 tó yá máa ń tó 380, nítorí náà á sán. Èyí tó rọra, bíi 320, kò ní sán, àmọ́ agbára rẹ̀ dín, ó sì ń tètè wálẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìró irin inú ìbọn àti ti ọta bó bá ba nǹkan.

Ká fi nọ́ńbà sọ ọ́: .22 lásán ń hó tó bíi dẹsíbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 140, pẹ̀lú sáílẹ́ńsà tó dára á wá sí bíi 115 sí 120. Etí ẹni tó yìn ín á rí ìsinmi díẹ̀, lóòótọ́. Ọ̀yà tó ń jẹ koríko ní ìsàlẹ̀ rẹ á gbọ́, á sì sá.

Ká tiẹ̀ ní ìwé wà, iṣẹ́ yẹn kì í ṣe ti oníléètì ṣáfútì. Á gbá ìta ọ̀pá ìbọn mú, á sì gé tírẹ́ẹ̀dì bí ìta náà ṣe ń yípo. Ihò inú ọ̀pá kì í sì fi gbogbo ìgbà wà ní àárín gbùngbùn. Atúnbọnṣe tó mọṣẹ́ á ki ọ̀pá ìwọn bọnú ihò náà, ihò ni yóò tẹ̀lé, bó bá sì so sáílẹ́ńsà mọ́ ọn tán, á tún ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ láti wo bóyá àárín ló gbà jáde, kó tó jẹ́ kí ọta kankan wọ ìbọn náà. Bí tírẹ́ẹ̀dì bá fi ìdajì dígírì péré wọ́, nínú sáílẹ́ńsà tó gùn ní sẹ̀ntímítà 15, ọta á ti yà kọjá mìlímítà kan kó tó dé ẹnu. Àyè tó yí ọta ká níbẹ̀ kò tó mìlímítà kan. Á kọlu irin, nígbà mìíràn á gba ẹ̀gbẹ́ jáde, á sì lọ bá ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Àwọn páìpù tí wọ́n ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní “ohun ìfọ̀bọn”, pé kí o fúnra rẹ lu ihò sí i, ìyẹn tún burú ju tẹ̀hìnwá lọ. Ní Amẹ́ríkà gan-an, ẹni tó bá lu ú láìkọ́kọ́ gbàṣẹ ti ṣe sáílẹ́ńsà tí kò níwèé, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 10. Ẹni tó ń tà á fún yín kò ní bá yín ṣẹ̀wọ̀n.

Tún ro ìgbà tí a wà yìí ní gúúsù Kwara. Bí àwọn fijilanté bá dá ọ dúró lóru lọ́nà oko, tí wọ́n rí ìbọn tó ní kinní dúdú gbọọrọ lẹ́nu, ta ni wọ́n máa pè ọ́? Ìró ìbọn náà sì lẹni tó ń wa ilẹ̀ lóko kejì fi ń mọ̀ pé ọdẹ wà nítòsí. Ọta .22 lè rìn ju kìlómítà kan lọ.

Bí oníléètì yẹn bá ti gé tírẹ́ẹ̀dì náà tán, má yìn ín mọ́, má gbé e rìn, lọ́yà ni kí o kọ́kọ́ rí.

Etí rẹ ni kí a tọ́jú. Etí tó ń hó di àárọ̀ ti ń fara gbọgbẹ́; lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Òyì, má ro àdí sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ra fóòmù ìdíletí, àwọn tó ń ta akoto àti bàtà òṣìṣẹ́ ní in. Fi ìka lọ́ ọ títí yóò fi tín-ín-rín, na ọwọ́ kejì gba ẹ̀yìn orí kí o fi fa etí sókè, kí o tẹ̀ ẹ́ bọnú etí, kí o sì fi ìka dì í mú síbẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 30 títí yóò fi wú. Bí ìdajì rẹ̀ bá ṣì yọ síta, kò tíì wọlé; yọ ọ́, kí o tún un lọ́.