Ológbò mi ń jẹ alángbá: ṣé alángbá ló ń pa á lára?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ológbò wa kì í jẹ́ kí èkúté gbádùn nílé, ṣùgbọ́n alángbá ló fẹ́ràn jù. Láti bí ọ̀sẹ̀ 2 ló ti ń bì, ó ti rù, inú etí rẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè. Aládùúgbò ní alángbá ló ní oró. Ọmọ mi obìnrin tó lóyún tún wà lọ́dọ̀ wa. Kí ni ká ṣe? Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Aládùúgbò yín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Alángbá kò lóró. Ohun tó gbé sínú ni ká bi í.

Aràn kékeré kan wà tó ń jẹ́ Platynosomum. Inú ìgbín wẹ́wẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò abẹ́ ewé jíjẹrà á gbé e mì, alángbá tàbí ọmọńlé á jẹ kòkòrò náà, ológbò á wá fi alángbá ṣe oúnjẹ àárọ̀. Láti inú ìfun ni aràn yìí ti ń gba ọ̀nà òróòro wọ ẹ̀dọ̀ lọ. Bí kò bá pọ̀, ológbò lè má mọ̀ ọ́n lára. Bó bá pọ̀, ó lè dí ọ̀nà òróòro. Òróòro á ṣẹ́rí padà sínú ẹ̀jẹ̀, etí á sì pọ́n. A máa ń wá ẹyin rẹ̀ nínú ìgbẹ́, àmọ́ bí ọ̀nà bá ti dí pátápátá, ẹyin kò ní ráyè jáde, nítorí náà bí a kò bá rí i, kò tíì bọ́ nínú ẹ̀sùn. Praziquantel ni òògùn rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì ju ti aràn lásán lọ dáadáa. Ẹ má fojú díwọ̀n òògùn ọjà fún un.

Àìsàn mìíràn náà ń mú ojú àti etí pọ́n, nítorí náà ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lónìí. Ológbò tí kò jẹun fún ọjọ́ 2 sí 3, ọ̀rá lè bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹn á wá di wàhálà kejì.

Ní ti èkúté, májèlé ló ń bà mí lẹ́rù ju aràn lọ. Èkúté tó ti jẹ májèlé kì í lè sáré mọ́, òun gan-an ló sì ń yá ológbò lára láti mú. Májèlé kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì: ó lè tó ọjọ́ 3 sí 5 kí èrìgì tó funfun, kí mímí tó nira. Fítámì K1 la fi ń wò ó. Tòtapíápíá kì í pẹ́ ní tirẹ̀. Itọ́ á máa dà, ara á máa gbọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ epo pupa sí i lọ́fun, ẹ̀dọ̀fóró ló sábà máa ń gbà lọ. Páálí májèlé náà ni kí ẹ mú dání.

Ẹ má torí oyún lé ológbò jáde. Lóòótọ́, ó lè kó Toxoplasma, kòkòrò àìfojúrí kan tó lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá, lára èkúté àti ẹyẹ, kó sì yà á mọ́ ìgbẹ́, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ náà kò tíì lè ranni kó tó lo ó kéré tán wákàtí 24. Kí ẹlòmíràn máa kó o dànù lójoojúmọ́. Ẹran tí kò jinná àti ẹ̀fọ́ tí a kò fọ̀ dáadáa ni kí aboyún ṣọ́ra fún jù.

Bí ẹ bá ń gbé e bọ̀, agbọ̀n onídèérí ni kí ẹ lò, ẹ má di í sínú àpò ìrẹsì. Ẹ bu ìgbẹ́ rẹ̀ ti òwúrọ̀ sínú ike dání.