Mo ní "ọwọ́", ọmọ mi gbé owó wá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Kubwa níbí la ń gbé. Ọmọ mi obìnrin ti lé ní ọdún mẹ́ta. Láti ìgbà tí mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, Háúsá ni obìnrin tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ń sọ sí i. Èmi àti bàbá rẹ̀ ń sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ti iléèwé. Tí mo bá ní, "Ọwọ́ rẹ dà, kí n fọ̀ ọ́?", àpò owó mi ló máa lọ gbé. Bàbá rẹ̀ á jágbe mọ́ ọn, "Ṣé adití ni ẹ́ ni?" Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe adití, torí bí mo bá já ọ̀rá bisikíìtì ní kíṣìnnì, á ti dé. Ẹnìkan ní ká pa Yorùbá tì, ká máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú o. (Èmi kì í ṣe dókítà, ìgbọ́ràn àti ọ̀rọ̀ sísọ ọmọdé niṣẹ́ mi.) Ẹ má pa Yorùbá tì. Ó dára tí ẹ kọ ohun tí ọmọ gbé wá, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta ló ń gbọ́ ìyàtọ̀ tí ẹnu wọn ò tíì lè pè. Ti yín yìí jọ ọ̀rọ̀ ìgbọ́.

Etí la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bisikíìtì ò tó ẹ̀rí. Lẹ́yìn ọ̀fìnkìn, omi lè dúró sẹ́yìn ìlù etí. Ọmọ á gbọ́ pé nǹkan dún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ á dà bí ohùn ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ńlá. Àyẹ̀wò gidi ni kí ẹ bèèrè fún, kì í ṣe kí wọ́n kàn pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àtẹ́wọ́ ò lè sọ bóyá ó mọ "o" yàtọ̀ sí "ọ".

Ká ní etí dá ṣáká. Owó àti ọwọ́, ohùn kan náà ni wọ́n gbé, fáwẹ̀lì nìkan ló yà wọ́n, Háúsá kò sì ya "o" sọ́tọ̀ kúrò lára "ọ" bíi tiwa. Ní 1984, Janet Werker àti Richard Tees ní Kánádà fi hàn pé àwọn ọmọ tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ń mọ ìyàtọ̀ ìró Hindi kan ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, ìró tó ṣòro fún àwọn àgbà wọn. Kí wọ́n tó pé ọdún kan, ó ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Èyí tí ọpọlọ ò rí lò ló ń pa tì. Ọmọ yín ń gbọ́ Yorùbá lójoojúmọ́, kò pàdánù rẹ̀. Kí obìnrin yẹn máa sọ Háúsá rẹ̀ lọ. Kò ṣẹ̀ yín.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa ni ọkàn ọmọ. Ní 2003, Patricia Kuhl àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà mú àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ń sọ èdè Ṣáínà jókòó tì wọ́n, kí wọ́n bá wọn ṣeré, kí wọ́n kàwé fún wọn, lẹ́ẹ̀méjìlá péré. Àwọn ọmọ náà mọ ìró èdè náà. Àwọn tó wo irú ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n kò kọ́ ohunkóhun. Ohun tí kò sí nínú tẹlifíṣọ̀n ni ẹni tó ń wò wọ́n lójú, tó sì ń dúró de ìdáhùn. Mo mọ̀ pé kàtúùnù ló ń jẹ́ kí ẹ ráyè se ọbẹ̀, n ò bá yín jà, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ọ ní "ọ". Ìyá àgbà tó ń pè lórí fídíò yàtọ̀, torí òun ń dáhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló máa ń wà nínú àpò owó yẹn? Suwíìtì? Fóònù? Ọmọdé kì í dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, ohun tó wù ú ló fi ń parí rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó máa ń ṣì í gbọ́ níbi tí kò sí èrè.

Ti igbe bàbá rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ mi láti Nyanya nítorí pé "kì í gbọ́ràn". Gbogbo ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, ọwọ́ bàbá lọmọ ń wò, kì í wo ẹnu rẹ̀. Mo ní kí bàbá jókòó sórí ẹní, kó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, kó rọra sọ̀rọ̀. Ọmọ gbé bọ́ọ̀lù tí wọ́n rán an wá. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ráyè gbọ́ fáwẹ̀lì.

Nítorí náà, ní alẹ́, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ ti fèrèsé tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń ké. Ariwo ń da ọmọdé láàmú ju àgbà lọ. Ẹ jókòó kojú ara yín. Ẹ fi ogún náírà sílẹ̀, ẹ na ọwọ́ yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Owó dà?" "Ọwọ́ dà?" Lẹ́yìn náà, kí òun máa bèèrè, kí ẹ̀yin mọ̀ọ́mọ̀ máa ṣì í mú. Ọmọ fẹ́ràn kó bá ìyá rẹ̀ wí, ibẹ̀ letí rẹ̀ ti ń mú jù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Tó bá ti sú u, ẹ dìde. Tó bá mọ ìyẹn, ẹ bọ́ sí ọ̀bẹ àti ọbẹ̀, àwòrán ọ̀bẹ ni kí ẹ lò o.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ bá ń sọnù lẹ́nu rẹ̀, tàbí tí etí rẹ̀ ń ṣọyún, ẹ má dúró ṣeré kankan, ọ̀la ni kí ẹ gbé e lọ. Èsì àyẹ̀wò etí náà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mi.