Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ìtọ́jú Àkọsílẹ̀ Ìwọ̀n Inú Ihò Àpáta

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà, ẹgbẹ́ wa sì máa ń lọ wọ ihò àpáta ní Austríà lọ́dọọdún. Èmi ni wọ́n fa àwọn fáìlì Survex (ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ìwọ̀n inú ihò) lé lọ́wọ́. A so ọ̀nà tuntun mọ́ ti àtijọ́, ó yípo tó mítà 140, ṣùgbọ́n nígbà tó padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó fi mítà 9 ga jù. Ní ìbú, ó bára mu. Ẹnìkan ní kí n máa yí iye inú fáìlì padà títí yóò fi bára mu. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? (Òǹkàwé, Bristol)

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Survex fúnra rẹ̀ ń pín àṣìṣe káàkiri gbogbo ìwọ̀n tó wà lójú ọ̀nà yípo. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe ńlá kan ṣoṣo fi ń wọ́ àwọn ìwọ̀n tó dára lọ síbi tí kì í ṣe tiwọn. Ẹni tó bá ń fọwọ́ tún iye ṣe lè máa ba èyí tó dára jẹ́, kí àṣìṣe gan-an sì jókòó síbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìlà *equate wò, èyí tó ń sọ pé àmì méjì jẹ́ ibì kan náà. Ṣé ojú àmì orí kòtò ni ẹ so pọ̀, àbí ti ìsàlẹ̀ rẹ̀? Bí ìyẹn bá tọ́, ẹ fi àmì ; síwájú ìlà náà kó má ṣiṣẹ́, ẹ tún cavern (apá Survex tó ń ṣe ìṣirò) ṣiṣẹ́, kí ẹ fi aven (apá tó ń fi àwòrán hàn) wo ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti yà.

Gíga nìkan ni kò bára mu, nítorí náà ẹ fi kọ́ńpáàsì sílẹ̀, kílínò (ohun èlò tó ń wọn bí ọ̀nà ṣe gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀) ni kí ẹ fura sí: ẹnìkan kọ + níbi tí - yẹ kó wà. Irú àṣìṣe yìí máa ń di ìlọ́po méjì. Ìwọ̀n tí ẹ ń wá, mítà 4.5 ni yóò fi gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀, bíi téèpù mítà 9 tí kílínò rẹ̀ jẹ́ dígírì 30. Ẹ gbé fọ́tò ìwé tí wọ́n kọ nínú ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì. Bó bá jẹ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣì í tẹ̀, ẹ tún un ṣe. Bó bá jẹ́ inú ìwé ló ti ṣì, ẹ fi iye àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn àmì ; pẹ̀lú ọjọ́ àti ìdí. Bí kò bá sí ẹ̀rí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ ọ́ mọ́ ohun tí ẹ ó tún wọ̀n lọ́dún tó ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìwọ̀n àwọn ọdún 1990 yí díẹ̀ sí tòní. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN: Àríwá tí kọ́ńpáàsì ń tọ́ka sí ń rìn lọ́dọọdún; ìyàtọ̀ rẹ̀ sí àríwá gidi ni wọ́n ń pè ní declination. Kí gbogbo fáìlì ní *date, kí *cs (tó ń sọ ìlànà tí ẹ fi tọ́ka ibi) àti *declination auto pẹ̀lú ibi tí ihò wà sì ṣe ìṣirò. Pàkúté wà níbẹ̀: nínú fáìlì àtijọ́ tó ń lo *calibrate declination, òdìkejì ni àmì. Dígírì 4 sí ìlà oòrùn jẹ́ -4 níbẹ̀, ó sì jẹ́ 4 nínú *declination. Ẹni tó bá pààrọ̀ àṣẹ láì yí àmì padà, dígírì 8 ló fi yí ihò náà. Ní ìparí kìlómítà kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 140.

ÌBÉÈRÈ: Django, ohun èlò Python fún kíkọ́ ìkànnì, ni wọ́n fi kọ ètò kọ̀ǹpútà wa, ó sì ti gbó. Báwo la ṣe lè sọ ọ́ dọ̀tun kí nǹkan kan má sọnù?

ÌDÁHÙN: Ẹ wo Troggle, ètò àkọsílẹ̀ ihò ti ẹgbẹ́ yunifásítì Cambridge, ẹgbẹ́ tó ti ń lọ sí òkè Altaussee ní Austríà láti 1976. Inú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán nínú Git (ètò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà fáìlì) ni àkọsílẹ̀ wà; láti inú wọn ni wọ́n ti ń tún dátábéèsì kọ́. Ẹ ṣe tiyín bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan Django. Ẹ máa gbé Django gòkè ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ẹ má fo ọ̀kankan. Àṣẹ python -Wa manage.py test yóò fi ohun tó fẹ́ bàjẹ́ hàn yín. Kí ẹ tó ṣe é àti lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ka iye ihò, iye ìwọ̀n àti àpapọ̀ gígùn. Bí ìwọ̀n kan péré bá dín, ẹ dúró.

Orúkọ bíi Kaninchenhöhle ló sábà ń dá iṣẹ́ dúró, nítorí fáìlì àtijọ́ kì í ṣe UTF-8, ìlànà òde òní tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà. Ẹni tó ti rí i tí ẹ àti ọ di àpótí òfìfo lójú kọ̀ǹpútà mọ ìyà yìí. iconv -f ISO-8859-1 -t UTF-8 ló ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni: bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ö yóò di Ã¶, ètò náà kò sì ní kìlọ̀ fún yín.